Ẹ̀rọ Kan Láàrin Ọmọ Mẹ́rin: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Eré Àjọṣe Kọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àròjinlẹ̀

Ẹ fún ọmọ mẹ́rin ní tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, kíláàsì á pa rọ́rọ́. Kálukú á dorí kodò, á máa fọwọ́ ra ojú ẹ̀rọ, ìdáhùn tó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn náà ló máa tẹ̀. Ẹ wá gba mẹ́ta nínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, kẹ́ ẹ gbé ẹyọ kan tó kù sí àárín wọn. Ariwo á sọ. "Dúró ná, má tẹ̀ ẹ́!" "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" "Padà sẹ́yìn, jẹ́ kí n tún un kà." Ariwo yẹn ni mò ń wá. Olùkọ́ ni mí, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò pọ̀, tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ pọ̀, ni mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí.

Ọmọ tó ń ronú jinlẹ̀ a máa béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kó tó gbà á. A máa wá ohun tó lè já èrò tòun fúnra rẹ̀ nírọ́, kì í ṣe èyí tó máa gbè é lẹ́yìn nìkan. Bí ẹ̀rí bá sì yọjú, a máa yí èrò padà láìbínú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sí nínú fóònù. Gbogbo ohun tí fóònù lè ṣe ni kó gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti nọ́ńbà wá síwájú àwọn ọmọ. Ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa bi í pé "Báwo lo ṣe mọ̀?", eré ló sì máa sọ ọ́ di dandan kó dáhùn.

Ẹ pín ìmọ̀ náà kiri

Eré àjọṣe ni eré tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń borí tàbí tí wọ́n jọ ń pàdánù. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mẹ́rin jókòó yí ẹ̀rọ kan ká kò tíì sọ ọ́ di àjọṣe. Ọmọ tó yára jù á gbà á ṣe, àwọn yòókù á di òǹwòran. Ohun tó ń mú kí wọ́n jọ ṣe é lóòótọ́ ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan lọ́wọ́ tí àwọn mẹ́ta yòókù kò ní, tí wọn ò sì lè débi tí wọ́n ń lọ láìsí i.

Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé ọ̀nà yìí wọ kíláàsì ní ìlú Austin ní Texas ní 1971. Àwọn ilé-ìwé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ da àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò pọ̀ sí kíláàsì kan náà nígbà náà ni, ìjà ò sì tán láàrin wọn. Ó gé ẹ̀kọ́ sí abala, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abala tirẹ̀, ó ní kó fi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá di dandan kí wọ́n fetí sí ọmọ tí wọ́n ti ń fojú di tẹ́lẹ̀, torí òun nìkan ló ní abala yẹn lọ́wọ́.

Lórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ yìí kò le rárá. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tàbí ojú wẹ́ẹ̀bù tí ẹ fẹ́ lò, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ kó o sínú fódà mẹ́rin tí ẹ pè ní A, B, D àti E. Ọmọ kan á ṣí fódà tirẹ̀, á kà á, á tì í pa, á sì gbé ẹ̀rọ fún ẹni tó kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ fi han ara wọn. Òfin kékeré yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọmọ tí kò lè nawọ́ sí nǹkan kó ní "wò ó" á ní láti fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á sì ní láti béèrè títí tó fi máa yé e.

Ẹ tún fún wọn ní ipò. Ọ̀kan ni atukọ̀: òun nìkan ló lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò lè dá ìpinnu ṣe. Ọ̀kan ni akọ̀wé: ó ń kọ àbá tí ẹgbẹ́ dá àti ìdí tí wọ́n fi dá a. Ọ̀kan ni agbẹnusọ, tó máa bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin ni alátakò. Iṣẹ́ alátakò ni láti wá ìdí tí ohun tí ẹgbẹ́ gbà fi lè máà rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jà, iṣẹ́ tí a rán an ni. Ọmọ tó ń tijú ni mo máa ń kọ́kọ́ fún ní ipò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rí àṣìṣe inú èrò àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tipẹ́, ẹni tó máa ní kí wọ́n sọ ọ́ ni wọn ò rí. Ẹ máa yí ipò padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣeré, kí kálukú lè bọ́ sí gbogbo ipò.

Eré òfin ìkọ̀kọ̀

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa ṣe nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe. Peter Wason, onímọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń ronú, ló gbé e jáde ní London ní 1960.

Ẹ kọ 2, 4, 6 sójú pátákó. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé nọ́ńbà mẹ́ta yìí tẹ̀ lé òfin kan tí ẹ ti kọ sínú ìwé, tí ẹ sì ti ká pamọ́. Kí wọ́n wá òfin náà rí. Wọ́n lè mú nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta wá, ẹ ó sì máa sọ fún wọn bóyá ó bá òfin mu tàbí kò bá a mu.

Ẹgbẹ́ kan á mú 8, 10, 12 wá. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á mú 20, 22, 24 wá. Bẹ́ẹ̀ ni. 100, 102, 104. Bẹ́ẹ̀ ni. Inú wọn á ti máa dùn, wọ́n á sì pariwo pé: "Méjì méjì là ń fi kún un!" Ẹ ó ní òfin náà kọ́ nìyẹn. Wọ́n á wo ara wọn lójú. Gbogbo ohun tí wọ́n mú wá lẹ gbà, báwo ni òfin ṣe wá jẹ́ nǹkan mìíràn? Nínú kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan tó wà nípò alátakò ló fọhùn. Ó ní, "Gbogbo èyí tá a mú wá, èyí tá a ti mọ̀ pé wọ́n máa gbà ni. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí kò yẹ kí wọ́n gbà wá." Wọ́n mú 1, 2, 50 wá. Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n mú 6, 4, 2 wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ lọ̀nà ti là. Òfin náà ò ju pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Mi ò mọ àlàyé tí olùkọ́ lè ṣe tó máa wọ ọmọ lára tó ohun tí ọmọ yẹn sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni wọ́n ṣe: a gba nǹkan gbọ́, a wá ń wá ohun tó máa sọ fún wa pé òótọ́ ni. Kí eré yìí lè mú wọn débẹ̀, ẹ fi òfin mẹ́ta dè é. Àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìyànjú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì lè kéde òfin. Èkejì, kí wọ́n tó mú nọ́ńbà wá, akọ̀wé gbọ́dọ̀ ti kọ ohun tí wọ́n rò pé òfin náà jẹ́, àti bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wọ́n ń retí. Ẹ̀kẹta, ó kéré tán, mẹ́ta nínú ìgbìyànjú mẹ́wàá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń retí "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún. Òfin kẹta yìí ló ń yí eré náà padà, ẹ má yọ ọ́. Kíláàsì lápapọ̀ ló sì ń borí, ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti rí òfin.

Ibi tí ẹ̀rọ ti wọ̀ ọ́ rèé. Ojú olùkọ́ máa ń tú àṣírí. Àwọn ọmọ á máa wò yín lẹ́nu, wọ́n á sì ti mọ ìdáhùn kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ojú ẹ̀rọ kì í yí padà. Nítorí náà, ẹ ṣe é sínú Scratch, ètò ìkọ́ni-ní-kọ̀ǹpútà tí ilé-ẹ̀kọ́ MIT gbé jáde ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè dáúnlóòdù èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣẹ̀dá variable mẹ́ta, ìyẹn àpótí tó ń tọ́jú nọ́ńbà, ẹ pè wọ́n ní a, b, d. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù "ask and wait" béèrè nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa fi "set" gbé answer, ìyẹn ohun tí wọ́n tẹ̀, sínú variable tó kàn. Ẹ wá fi "if then else" yẹ̀ ẹ́ wò: bí a bá kéré sí b, tí b sì kéré sí d, kó sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni", bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó sọ pé "Bẹ́ẹ̀ kọ́". Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ọmọ yín bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ òfin ìkọ̀kọ̀ tiwọn sínú Scratch, kí wọ́n sì gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹni tó ń kọ òfin á rí i pé òun ní láti ronú sí ohun tí kò wá sí òun lọ́kàn rí. Bí nọ́ńbà méjì bá dọ́gba ńkọ́? Bí ẹnì kan bá tẹ nọ́ńbà tó kéré sí òdo ńkọ́?

Àwòrán wo ni ká gbà?

Ní oṣù kẹta 2023, àwòrán Póòpù Francis nínú jákẹ́ẹ̀tì funfun ńlá kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà á gbọ́. Midjourney, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀, ni ẹnì kan fi ṣe é. Àwòrán yìí dára fún eré torí pé ó ṣeé pín. Nínú fódà A, ẹ fi àwòrán náà lódindi sí. Nínú B, ẹ fi ọwọ́ Póòpù nìkan sí, èyí tí ẹ ti sún mọ́ra, kí wọ́n lè rí bí ìka àti ohun tó dì mú ṣe wọ́. Nínú D, ẹ fi ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jáde àti irú ojú-òpó tí ó ti jáde sí. Nínú E, ẹ fi fọ́tò Póòpù kan náà tí iléeṣẹ́ ìròyìn yà sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á. Ẹgbẹ́ á jọ pinnu: a gbà, a ò gbà, tàbí a ò tíì mọ̀.

Ẹ má fi ìka wíwọ́ ṣe òpó ẹ̀kọ́ yín o. Àwọn ẹ̀rọ yìí ń dára sí i lójoojúmọ́, ìka ò sì ní máa wọ́ títí lọ. Ohun tí kò ní gbó ni ìbéèrè tó wà nínú fódà D: níbo ni nǹkan yìí ti wá, ta sì ni ẹni tó gbé e síta? Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní yunifásítì Stanford wo bí èèyàn 45 ṣe ń ka ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì: onímọ̀ ìtàn 10, aṣèwádìí òótọ́ ìròyìn 10, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 25. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onímọ̀ ìtàn dúró sójú kan, wọ́n ń wo bí ojú-òpó náà ṣe dára sí. Àwọn aṣèwádìí ìròyìn kì í pẹ́ níbẹ̀. Kíá, wọ́n á ti ṣí táàbù tuntun, wọ́n á máa wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tó ni ojú-òpó náà. Àwọn ló tètè mọ òótọ́ jù lọ. Ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn: kí wọ́n kúrò lójú ìwé kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí atukọ̀ ṣe é lójú gbogbo wọn. Nínú Chrome lórí fóònù, kó tẹ àwòrán mọ́lẹ̀ títí tí ohun tó fi lè wá a pẹ̀lú Google Lens fi máa jáde. Ẹ tún lè lo TinEye, ojú-òpó kan tó ń wá ibi tí àwòrán ti jáde, tó lè to èsì rẹ̀ láti orí èyí tó pẹ́ jù, ìyẹn sì ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tí àwòrán ti wà níta.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò nínú irú ẹ̀kọ́ yìí, ó sì ń dùn mí. Wọ́n á kó ayédèrú nìkan síwájú àwọn ọmọ. Kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi mọ̀ pé bí òun bá ti sọ pé "irọ́ ni", òun ti gba máàkì. Ìyẹn kì í ṣe àròjinlẹ̀, àìgbàgbọ́ lásán ni, ó sì léwu tó kí èèyàn máa gba gbogbo nǹkan gbọ́. Ẹ máa fi òótọ́ tó jọ irọ́ sí i. Èmi máa ń so méjì pọ̀. Ojú-òpó kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998 tó ń sọ̀rọ̀ octopus, ẹranko ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, tó ń gbé orí igi nínú igbó Amẹ́ríkà. Àwòrán wà níbẹ̀, àlàyé wà, ẹ̀bẹ̀ wà pé ká gbà á lọ́wọ́ ìparun. Irọ́ ni látòkèdélẹ̀, inú òkun ni octopus ń gbé. Ìkejì ni platypus ti Ọsirélíà: ẹnu rẹ̀ dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó ń yé ẹyin, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Nígbà tí awọ rẹ̀ kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé fura pé ẹnì kan ló rán ẹnu ẹyẹ mọ́ ara ẹranko. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ kó méjèèjì fún ẹgbẹ́ kan náà láìsọ èwo ni èwo, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe máa jiyàn.

"A ò tíì mọ̀" jẹ́ ìdáhùn tó ní iyì. Ẹgbẹ́ tó bá mú un gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sí abẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ń sá fún iṣẹ́ ni.

Máàpù tí kò purọ́

Èyí kúrú. Fódà A: máàpù ayé pẹlẹbẹ, irú èyí tí Gerardus Mercator yà ní 1569, níbi tí Greenland ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó Áfíríkà. B: bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní nọ́ńbà, Áfíríkà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 kìlómítà onígun mẹ́rin, Greenland ò ju bíi mílíọ̀nù 2.2 lọ. D: ayé rogodo nínú Google Earth, tí ọmọ lè fọwọ́ yí. E: àlàyé kúkúrú pé àwọn atukọ̀ ojú òkun ni Mercator ya máàpù rẹ̀ fún, kí wọ́n lè fa ìlà kan gbọọrọ kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé kọ́ńpáàsì lọ láìyà. Ìbéèrè: èwo ló tóbi jù, ìlọ́po mélòó? Wọ́n á jiyàn, wọ́n á ṣírò, wọ́n á rí i pé ó tó bí ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ẹ wá béèrè pé, "Ta ló purọ́?" Ẹ fún wọn láyè dáadáa lórí ìyẹn, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń rí i pé ohun kan lè wúlò gan-an fún iṣẹ́ kan kó sì ṣini lọ́nà nínú iṣẹ́ mìíràn.

Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, àwọn àfihàn PhET ti yunifásítì Colorado Boulder, tí ọmọ fi lè dán nǹkan wò lójú ẹ̀rọ, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣeé dáúnlóòdù. Nínú èyí tó jẹ mọ́ iná mànàmáná, bí àpẹẹrẹ, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rò pé gílóòbù máa ṣe sílẹ̀ kí atukọ̀ tó so wáyà. Níbi tí dátà ti ṣòro, Kolibri, ètò kan tó ń kó ẹ̀kọ́ pa mọ́, ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti àwọn ètò ìbéèrè-àti-ìdáhùn tó ní aago, tó ń to orúkọ ẹni tó yára jù sókè, mi ò lò wọ́n fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n dára fún àtúnyẹ̀wò ohun tí ọmọ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ronú níbẹ̀ ló ń pàdánù.

Lẹ́yìn eré

Bí eré bá gba ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ge é kúrú bí àkókò bá ń lọ, eré gan-an ni kẹ́ ẹ gé. Ìbéèrè mẹ́ta tó fún mi. Ìgbà wo lẹ yí èrò padà? Kí ló yí i? Ta ló ní ẹ̀rí tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fetí sí? Ìbéèrè kẹta yẹn máa ń mú kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹnì kan á tọ́ka sí ọmọ tó wà létí.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń yọrí sí rere, ẹ fi fóònù gba ohùn ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ bá jókòó, ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí ẹnì kan sọ pé "nítorí pé", "báwo lo ṣe mọ̀" tàbí "mo ti wá rí i pé". Ẹ pa ohùn náà rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á tán. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan, kẹ́ ẹ fi méjèèjì wéra. Mo fọkàn tán ìyẹn ju ìdánwò lọ, torí ohun tí ọmọ ń sọ nígbà tí kò mọ̀ pé òun ń gba máàkì ló máa bá a jáde kúrò ní kíláàsì.

Bí àwọn ọmọ yín ò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ, ẹ yọ nọ́ńbà kúrò nínú eré òfin ìkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ fi àwòrán rọ́pò rẹ̀: mààlúù, ajá, ológbò, òfin sì ni "ohun tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin". Wọ́n á mú ẹran ọ̀sìn oríṣiríṣi wá títí tí ẹnì kan fi máa dá a láṣà láti fi àwòrán tábìlì sí i. Méjì méjì ni kí wọ́n jókòó dípò mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán yíyà ṣe akọ̀wé.